Orin Tí Philip Gbọ́

Rédíò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ní Tina Junction ni, tí a ń ki mẹ́mórì bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa kọrin, tí iná tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ra adìẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé e sílẹ̀ níwájú Màdáámù nínú ọ̀rá, mo sì dúró kó yìn mí, nítorí èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ apààyàn.

Apààyàn ni mo ṣì ń pè é láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Orúkọ mi ni Bàdírù, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá. Jos ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀yọ́ la máa ń sọ pé a ti wá. Màdáámù ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Màrdíyyàh Ọláṣùmbọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ ní Jos kí òyìnbó tó kó lọ. Kì í pariwo. Bó bá fẹ́ bú ènìyàn, ìbéèrè ló máa ń fi bú u.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bàbá Jóṣúà Ọ̀pádọ̀tun, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ń dá gbé nílé rẹ̀ ní Hwolshe, àdúgbò kan ní Jos, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò bímọ. Ènìyàn méjì ló ń tọ́jú rẹ̀. Lucy, opó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Jemima, ló ń se oúnjẹ fún un, a sì máa lọ sílé ní aago mẹ́rin. Samson, ọmọ Mangu, ni máígádì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Samson máa ń lọ sun sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, aago márùn-ún ló ń kúrò, á sì padà ní àárọ̀ Àbámẹ́ta.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta tó kọjá, Ìyá Jemima ṣílẹ̀kùn pálọ̀, ó bá Bàbá nílẹ̀. Ó ti fi orí gbá etí tábìlì onímábù, ó ti kú. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì náà. Rédíò rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe pé ó ṣubú lásán, ẹnì kan ló tì í, àpá ọwọ́ wà láyà rẹ̀. Àmọ́ dókítà kò lè sọ wákàtí tó kú, nítorí ọyẹ́ ti mú gan-an, ilé sì tutù.

Ìyá Jemima ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn kò já, fèrèsé kò fọ́. Mo fi ìdajì ọjọ́ kan wádìí rẹ̀. Ìpàdé àdúrà ló wà láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ibẹ̀ ló sùn, odidi ìjọ ló sì ń jẹ́rìí sí i. Mo fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Philip wá, ọmọ àbúrò Bàbá, ọkùnrin tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní Bauchi Road. Ó ní láti ṣọ́ọ̀bù òun ni òun ti pe Bàbá lórí fóònù ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, Bàbá sì gbé e, wọ́n kí ara wọn. Mo bi ilé iṣẹ́ tó ni láìnì, wọ́n ní lóòótọ́ ni ìpè náà wáyé, wọ́n sì gbé e. Láti aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Philip wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ rẹ̀ ní Bauchi Road títí aago mẹ́wàá fi lù, ó sì lọ sùn sílé àwọn akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. Bí Bàbá bá wà láàyè ní aago méje, Philip kọ́ ló pa á.

Ní ọjọ́ Àìkú ni mo rí Samson ní Tina Junction, rédíò Bàbá wà nínú àpò kóòtù rẹ̀. Ó ní Bàbá ló fún òun ní aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì pé kí òun bá a lọ ki orin tuntun sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan náà, Philip padà wá sí àgọ́ wa, ó ní òun rántí nǹkan kan: nígbà tí òun ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ ní aago méje, òun gbọ́ tí rédíò náà ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀.

Bí rédíò bá wà lọ́dọ̀ Bàbá ní aago méje, irọ́ ni Samson ń pa. Á jẹ́ pé ó padà wá, ó pa bàbá arúgbó, ó kó rédíò rẹ̀ lọ. Èmi gba Philip gbọ́. Ó wọ kóòtù àti táì, Samson wọ bàtà ọ̀rá. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni a fẹ́ gbé Samson lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wọ̀n lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ó lè lo ọdún márùn-ún kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú àgọ́ wa láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

* * *

Màdáámù yọ rédíò náà nínú ọ̀rá, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Kò tan.

"Bátìrì ti kú ni, Màdáámù," mo ní.

Ó fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. "Kò kú. Kò sí níbẹ̀ ni. Ṣé báyìí lo ṣe bá a lápò rẹ̀?"

"Báyìí náà ni. Samson á ti yọ ọ́ jù nù. Olè ni."

"Olè tó pa ènìyàn nítorí rédíò, tó wá ju bátìrì rẹ̀ nù, tó ń gbé èyí tí kò lè kọrin kiri ìgboro?"



Ó fa fáìlì sọ́dọ̀. "Philip sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ti Àbámẹ́ta, ṣé orin wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Màdáámù."

"Ìgbà wo ló wá rántí orin?"

"Ní ọjọ́ Àìkú."

"Kí o tó mú Samson ni, àbí lẹ́yìn tí o mú un?"

"Lẹ́yìn tí mo mú un."

"Ta ló sọ fún un pé rédíò la bá lọ́wọ́ Samson?"

Mo wo òkè àjà. Ọmọ́ńlé kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò sá fún tèmi. "Èmi ni, Màdáámù. Lórí fóònù. Ẹni òfò ṣẹ̀ ni, mo ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ọwọ́ ti tẹ ẹni tó pa bàbá rẹ̀."

"O ṣe é re," ni Màdáámù wí, ó sì dìde. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní oyin nínú.

* * *

Samson jókòó sílẹ̀ nínú àhámọ́. Nígbà tó rí Màdáámù, ó dìde, ó kí i ní Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó já geere. Ọdún mọ́kànlá lẹ́nu ọ̀nà Bàbá ló fi kọ́ ọ. Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá gan-an, Háúsá máa ń yọ́ sínú ọ̀rọ̀ mi.

"Samson, kí ni Bàbá wí nígbà tó fún ọ ní rédíò?"

"Ó ní orin inú rẹ̀ ti sú òun. Ó ní kí n gbé e lọ fún Benjamin ní Tina Junction, kó bá òun wá àwọn orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n fara balẹ̀ kọ, kì í ṣe ti àwọn tó ń pariwo."

"Benjamin gbà á?"

"Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù kí n tó débẹ̀. Mo gbé e lọ sílé."

"Kí ló dé tí o kò dá a padà fún wa ní àárọ̀ Àbámẹ́ta?"

"Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá èrò. Wọ́n ní Bàbá ti kú, wọ́n ní ènìyàn ló pa á. Rédíò rẹ̀ sì wà lápò mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Màdáámù, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?"

Màdáámù yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní, "Bátìrì rẹ̀ dà?"

Samson wò ó bíi pé ìbéèrè náà kò yé e. "Ó wà nílé Bàbá. Ó nílò rẹ̀."

Màdáámù mi orí, ó sì jáde. Èmi ní tèmi, mo rò pé a ti fi àkókò ṣòfò.

* * *

Ní Tina Junction, Benjamin jókòó sábẹ́ agboòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ènìyàn mú mẹ́mórì wá, kí ó ki orin kún inú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Háúsá ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"Sannu da zuwa, Hajiya," ó kí Màdáámù káàbọ̀.

"Yauwa. O ń gbọ́ Yorùbá?"

"Mo ń gbọ́ ọ, Mà. Ahọ́n mi ló ń wúwo."

"Ǹjẹ́ o rí Samson, máígádì Bàbá Ọ̀pádọ̀tun, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì?"

"Rárá o. Mi ò rí i."

Mo yíjú sí Màdáámù. Inú mi dùn díẹ̀, kí n má purọ́.

"Aago mélòó lo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ẹtì?" ni Màdáámù bi í.

"Aago mẹ́rin. Àwa kì í ṣòwò láti ìgbà tí oòrùn Ẹtì bá fẹ́ wọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ìsinmi wa nìyẹn nínú ìjọ wa. Gbogbo ayé níbí ló mọ̀, àyàfi ẹni tí kò bá wá rí."

Inú mi kò dùn mọ́. Bí Samson bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn aago márùn-ún, ilẹ̀kùn títì ló yẹ kó bá, bó ṣe sọ gan-an. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn títì kì í jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ Benjamin kò gbè é, kò sì bà á jẹ́.

Màdáámù gbé rédíò náà lé e lọ́wọ́. "Irú bátìrì wo ni wọ́n ń fi sí èyí?"

"Ti fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni, Mà. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá ti ní fóònù yẹn kò nílò kó ra òmíràn." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn bàbá wa níbí, bátìrì kan ni wọ́n máa ń fi sí méjèèjì. Wọ́n á yọ ọ́ níhìn-ín, wọ́n á fi sọ́hùn-ún. Èmi ò lè ta bátìrì fún wọn láéláé."

Màdáámù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú mọ́tò, ó ní kí n máa wà lọ sí Hwolshe.

* * *

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sin Bàbá. Nígbà tí a dé Hwolshe, àwọn èrò ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibojì bọ̀, wọ́n ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n sì ń fọwọ́ pa ekuru ọyẹ́ kúrò lára aṣọ. Ìyá Jemima wà lẹ́yìnkùlé nídìí ìkòkò ìrẹsì. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ kú làálàá, Ìyá Jemima," ni Màdáámù wí. "Mo fẹ́ mọ nǹkan kékeré kan. Bátìrì mélòó ni Bàbá ní?"

"Bátìrì kẹ̀? Ọ̀kan ni." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọ̀kan ṣoṣo. Mo sọ fún un títí pé kó ra èkejì, ó ní kí ni òun fẹ́ fi méjì ṣe, ṣé òun lè máa gbọ́ orin kí òun tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bó bá fẹ́ gbọ́ orin, á yọ ọ́ nínú fóònù, á fi sínú rédíò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á dá a padà sínú fóònù, nítorí àwọn ará ìjọ máa ń pè é."

"Bí wọ́n bá pè é nígbà tó ń gbọ́ orin ńkọ́?"

"Kò ní wọlé. Haba, ta ni kò mọ̀? Bí o bá pe Bàbá tí kò wọlé, wọ́n á ní ó wà nídìí orin. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ti bínú sí i lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà."

"Philip mọ̀?"

Ìyá Jemima tún gbé ṣíbí rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni Philip ń wá lọ́dún? Bó bá wá, kì í jókòó. Ìwé ilé ló máa ń béèrè. Bàbá ní ìjọ ni òun máa fi ilé náà fún, Philip ní òun ò gbà. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà kì í wọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Bí fóònù Bàbá bá gba ìpè ní aago méje, inú fóònù ni bátìrì wà. Bí bátìrì bá wà nínú fóònù, rédíò kò lè kọrin, ì báà wà lórí tábìlì Bàbá, ì báà wà lápò Samson. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè pe Bàbá kó sì tún gbọ́ orin rẹ̀. Gbogbo ẹni tó súnmọ́ Bàbá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í jókòó ni kò mọ̀.

"Bàdírù," ni Màdáámù wí, "nígbà tí o bi ilé iṣẹ́ láìnì léèrè, kí ni o bi wọ́n?"

"Bóyá Philip pe Bàbá lóòótọ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ǹjẹ́ o bi wọ́n níbi tí Philip wà nígbà tó ń pè é?"

Mi ò bi wọ́n. Kò wá sí mi lọ́kàn, nítorí Philip ti sọ ibi tó wà. Mo jáde lọ síbi mọ́tò, mo pè wọ́n.

* * *

Pálọ̀ Bàbá ni Màdáámù ti gba Philip lálejò. Wọ́n ti fọ ilẹ̀ ibẹ̀, tábìlì onímábù sì wà ní àyè rẹ̀. Philip wọlé pẹ̀lú kóòtù dúdú, yẹ̀pẹ̀ ibojì ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo mú fóònù mi dání.

"Ẹ kú àṣeyẹ Bàbá," ni Màdáámù wí. "Mi ò ní pẹ́. Ọ̀la ni kóòtù, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí wọ́n bá bi yín léèrè. Níbo lẹ wà nígbà tí ẹ pe Bàbá?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni, ní Bauchi Road."

"Ẹ sì gbọ́ orin."

"Mo gbọ́ ọ ketekete."

"Bó bá jẹ́ ti aládùúgbò ńkọ́? Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Ti aládùúgbò kọ́. Rédíò rẹ̀ ni, mo mọ ohùn rẹ̀. Ó máa ń há."

"Ariwo rẹ̀ kò dí yín lọ́wọ́?"

"Bàbá yí i wálẹ̀ ká lè gbọ́ ara wa. Nígbà tí a fẹ́ parí ọ̀rọ̀, ó tún yí i sókè. Mo tiẹ̀ bá a ṣàwàdà lórí rẹ̀."

Ọdún mẹ́rìnlá nìyí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń pa òpùrọ́ ni pé bí o bá fún un ní àga, á tún béèrè tìmùtìmù. Ká ní Philip ti dákẹ́ síbi pé òun gbọ́ orin, ì bá ṣì rí ọ̀nà sá.

Màdáámù ṣí báàgì rẹ̀. Ó gbé fóònù Bàbá sórí tábìlì, ó tàn án, iná rẹ̀ mọ́. Ó gbé rédíò tì í. "Fóònù tí Bàbá fi bá yín sọ̀rọ̀ rèé, rédíò tí ẹ gbọ́ rèé. Fóònù ti tàn. Ẹ bá mi tan rédíò, kí sájẹ́ńtì mi lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn rẹ̀ ni ẹ gbọ́."

Philip tẹ rédíò. Kò tan. Ó tún un tẹ̀. Ó yí i padà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò sí bátìrì nínú rẹ̀."

"Òótọ́ ni. Bátìrì rẹ̀ wà nínú fóònù."

Ó wo Màdáámù, ó wo fóònù. Mo rò pé kò tíì yé e, nítorí ó mú fóònù náà, ó ṣí i, ó yọ bátìrì. Fóònù kú. Ó ki bátìrì bọ inú rédíò, ó tẹ̀ ẹ́, orin ìsìn kan tó falẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láàárín pálọ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà dákẹ́ níta.

"Ó dùn," ni Màdáámù wí. "Ẹ wá pe Bàbá báyìí."

Fóònù tó ti kú wà lọ́wọ́ òsì Philip, rédíò wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Màdáámù na ọwọ́, ó pa orin náà.

"Ó lè ní bátìrì méjì," ni Philip wí.

"Ìyá Jemima wà lẹ́yìnkùlé. Ṣé kí n pè é kó wá sọ iye tó ní?"

"Bóyá mo ṣi orin gbọ́."

"Ẹ ṣì í gbọ́, orin tí ẹ ṣì gbọ́ náà sì lọ sílẹ̀, ó tún lọ sókè?"

Philip jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó jókòó nílé náà, bí Ìyá Jemima ṣe wí. "Ó dáa. Mo fi orin kún un. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Samson dájú, torí ó dá mi lójú pé òun ni. Ìyẹn kì í ṣe ìpànìyàn."

"Kì í ṣe ìpànìyàn," ni Màdáámù wí. "Bàdírù, wọ́n ti dáhùn?"

Wọ́n ti dáhùn. Mo ka ọ̀rọ̀ náà jáde lójú fóònù mi. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, Hwolshe ni fóònù Philip wà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé ti Bàbá náà ló gbé tirẹ̀.

"Ẹ kò sí ní Bauchi Road," ni Màdáámù wí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ìhín lẹ wà. Ẹ wá lẹ́yìn tí Samson ti lọ, torí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ló máa ń lọ. Ẹ béèrè ìwé ilé, Bàbá kọ̀, ẹ tì í. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n máa bi yín léèrè. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì yìí. Ẹ fi tiyín pè é, ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ kó lè jọ pé ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ wá sáré lọ bá ẹgbẹ́ akọrin. Ìpè yẹn nìkan tó yín, ẹnikẹ́ni kì bá tí fura sí yín. Ẹ̀yin lẹ lọ wá orin."

Philip ń wo etí tábìlì. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tì í," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ pé á ṣubú bẹ́ẹ̀. Arúgbó ni, kò wúwo."

"Nígbà tí ẹ ń pè é, ṣé ó ṣì ń mí?"

Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀."

"Ìka tí ẹ fi tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kí ló dé tí kò lè tẹ ti dókítà?"

Mo fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí Philip lọ́wọ́, mo mú un gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí àwọn ará ìjọ má baà rí i, ṣùgbọ́n Ìyá Jemima rí wa. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ń sunkún, ìrẹsì sì ń jó.

* * *

Oòrùn ti ń lọ nígbà tí a padà dé àgọ́. Ìyàwó Samson wà lórí bẹ́ǹṣì. Màdáámù ní kí èmi tí mo mú un lọ tú u sílẹ̀, kí n sì bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Mo ṣí àhámọ́. "Ẹ jáde, Samson," mo ní. Láti ọjọ́ Àìkú, ìwọ ni mo ti ń pè é. "A ti rí ẹni tó ṣe é. Philip ni. Ó ti jẹ́wọ́. Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni."

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Kò yọ̀, kò bú mi. Ó wọ bàtà ọ̀rá rẹ̀, ó sì gba bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ sin Bàbá?" ni ó bi mí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. "Wọ́n ti sin ín lónìí. Ní ọ̀sán."

Ó dúró. "Ta ló kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i?"

Yẹ̀pẹ̀ tí mo rí lára bàtà ọkùnrin yẹn ló wá sí mi lójú. "Philip ni. Òun ni ẹbí."

Samson bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó yọ ọwọ́ kúrò, ojú rẹ̀ ti tutù. "Ọdún mọ́kànlá, Sájẹ́ńtì. Èmi ni mo ń wẹ ẹsẹ̀ fún un bí ọyẹ́ bá la á. Ẹni tó pa á lẹ jẹ́ kó sin ín, èmi lẹ tì mọ́lé."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo ti múra àwíjàre sílẹ̀, pé iṣẹ́ ni, pé ẹ̀rí ló jọ bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó ṣeé sọ níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi Háúsá sọ fún un pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ ní rárá, ibojì ni òun ń lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kí n fi mọ́tò gbé wọn lọ.

Samson ní òun á fẹsẹ̀ rìn.